Ọ̀rọ̀ Tí Kò Kọjá Ìkélé

"Ta ló ń ṣọ́ ààrò?"

Oníbúrẹ́dì fi ìbínú ṣí ilẹ̀kùn irin ààrò, èéfín bò ó lójú, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn àtẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo búrẹ́dì orí wọn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ti tò sẹ́nu fèrèsé láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Súbúhì tán ń na ọrùn wò ó. Ẹnì kan ní kí wọ́n bá òun dín owó èyí tó jóná kù, òun á fi ọ̀bẹ ha á. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ ló ń ṣọ́ ààrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì tó ti kú ni, ìyá rẹ̀ náà sì ti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ Oníbúrẹ́dì àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé bó bá wọlé, èèyàn kì í mọ̀. Bó bá jáde, ìgbà tí wọ́n bá ń wá a ni wọ́n tó máa mọ̀ pé kò sí nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, orí àpò ìyẹ̀fun ló jókòó sí nídìí ààrò, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń gbóòórùn búrẹ́dì bó ṣe ń jóná. Wọ́n máa so yìgì rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan ni ọkọ náà, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti funfun kanlẹ̀. Jẹ́jẹ́ kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u." Ìyàwó Oníbúrẹ́dì ló ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ dè lókùn lọ́sàn-án, ẹ tún fẹ́ kó ṣọ́ búrẹ́dì láàárọ̀?"

"Okùn kẹ̀! Yìgì lo wá ń pè lókùn? Ìwọ Alága?"

Agbẹ̀bí ni obìnrin náà, ní ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi í jẹ olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí àdúgbò, Alága ni gbogbo ayé ń pè é. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, pàápàá bí inú bá ń bí i. Alága yìí ló ti kan ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí títí ọwọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kí wọ́n tó fọwọ́ sí òfin kan fún un. Òfin náà kò le: pé kí wọ́n má so yìgì ọmọbìnrin kankan mọ́ àfi bí Alága bá ti bi í ní ìkọ̀kọ̀, tí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, tí Alága sì dúró lẹ́yìn ìkélé tó pín ọkùnrin àti obìnrin níyà, kó sọ ìdáhùn náà fún Lèmọ́mù àti àwọn ẹlẹ́rìí létí.

Tẹ́lẹ̀, ojú gbogbo mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ti máa ń bi ọmọ. Ọmọ á dorí kodò. Wọ́n á ní ìdákẹ́jẹ́ wúńdíá, ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni, wọ́n á sì pín ohun jíjẹ. Ọ̀rọ̀ tí Alága bá ìgbìmọ̀ sọ lọ́jọ́ náà, àwọn kan ṣì ń ranjú mọ́ ọn nítorí rẹ̀. Ó ní, "Ìtìjú ni ẹ̀sìn ń sọ, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ẹni tí ẹ fi ojú pa lẹ́nu mọ́, ẹ wá ń pè é ní onítìjú." Ọkùnrin kan tilẹ̀ dìde, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá, kò sì padà wọlé mọ́. Òfin náà kọjá bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì lò ó rí. Ọlọ́run tó ń ṣe bó ṣe wù ú wá mú ìgbà àkọ́kọ́ bọ́ sínú ilé ẹni tó bèèrè fún un.

"Bi í," ni Oníbúrẹ́dì wí, ó ń ju búrẹ́dì jíjóná sínú garawa. "Òfin ni, ẹ ti ṣe é, bi í. Ṣùgbọ́n bó o bá ti yàrá yẹn mú ọ̀rọ̀ míì wá tó yàtọ̀ sí 'ó gbà', ojú mi lo fi gbolẹ̀ yẹn. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà ló tọ́ mi. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Òun ló mú ọkọ wá fún ọmọ yìí, òun ló sì máa fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ṣé lójú èmi ni ìyàwó mi á ti já a kulẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu ẹ̀."

"Ọmọ wo? Jẹ́jẹ́? Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Alága yíjú sí ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórí ìborùn rẹ̀. "Jẹ́jẹ́, kí ni mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì?"

Jẹ́jẹ́ wo ọkọ Alága, ó wo ilẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Gbogbo obìnrin tó ń wá kọ́ kéú àti ìwé lọ́dọ̀ Alága ló mọ òwe náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí Alága bá ń kọjá, àwọn ọmọ àdúgbò á máa fi kọrin yẹ̀yẹ́ tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ a sì máa dùn, torí ohun tí ọmọdé bá ti ń kọ lórin kò lè tètè parẹ́. Ó fọwọ́ pa ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Búrẹ́dì jíjóná ni àwọn tó kù nílé fi mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan tó ń rọbí ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti àná. Kò ju Jẹ́jẹ́ lọ. Ó fi eyín di etí aṣọ tí wọ́n fi bo bẹ́ẹ̀dì mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì pariwo. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹsùbáà, ó sì ń yìn ín fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá.

"Ẹ wo bó ṣe dákẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Kì í ṣariwo bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, ẹ ò lè gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ó wu Alága kó gba tẹsùbáà náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sídìí iṣẹ́.

Ọmọ jáde kí oòrùn tó kan àtàrí. Òun náà dákẹ́. Alága fa omi kúrò ní ọ̀fun rẹ̀, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó fẹ́ èémí sí i nímú. Kò ké. Ó tún ṣe é, ó tún ṣe é, títí agbẹ̀bí kejì fi fọwọ́ kàn án léjìká. Nígbà náà ni ọmọbìnrin orí bẹ́ẹ̀dì yọ aṣọ kúrò lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Ṣé wọ́n á bínú sí mi?"

Alága jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó sì sunkún ìbínú níbẹ̀. Kì í ṣe omijé àánú rárá. Àwọn tó yẹ kí wọ́n bi ọmọ yẹn léèrè ọ̀rọ̀ kan péré kò bi í, gbogbo wọn ni wọ́n sì jẹun yó lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Lèmọ́mù bá a. Kò tíì dàgbà púpọ̀, ó kàwé, ó sì ń wojú èèyàn bó bá ń sọ̀rọ̀. Láìsí tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, òfin Alága kì bá tí kọjá. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Alága, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Lèmọ́mù. Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́wọ́ mi."

Lèmọ́mù ṣàdúrà fún ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá. "Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fagi lé òfin yín. Wọ́n ní ẹ máa tú ilé onílé ká. Bí ti àkọ́kọ́ bá wá já sí 'kò fẹ́', tó sì tún wá jẹ́ inú ilé ẹ̀yin fúnra yín, kí ni màá rí wí? Kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé, òfin ti kú. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Tó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ máa gbé 'kò fẹ́' wá bó ṣe wù yín, màá gbè yín lẹ́yìn."

"Bó bá wá sọ fún mi pé òun ò fẹ́ ńkọ́?"

"Jẹ́jẹ́? Ó lè má sọ nǹkan kan."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Lèmọ́mù ń yí fìlà rẹ̀ po lórí orúnkún. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, Alága." Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Àsìtàfúrúlà! Òwe ni o, òwe ni."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Alága, láàárín omijé. Lèmọ́mù náà rẹ́rìn-ín, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Èèyàn dáadáa ni. Àwọn èèyàn dáadáa ló mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi yẹ̀.

Nígbà tí Alága délé, àwọn obìnrin àdúgbò ti kún ẹ̀yìnkùlé. Ìrẹsì wà lórí iná nínú ìkòkò ńlá, àwọn kan ń gé àlùbọ́sà, ojú wọn ń ṣomi. Lára wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Rédíò wà, torí pé ìròyìn kì í sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Alága dúró lẹ́yìn ògiri bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ n wí fún yín, Alága ò ní jẹ́ kó lọ. Ta lá máa bá a gbálẹ̀? Ta lá máa jí ṣọ́ ààrò? Ọmọ tiẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń wọ aṣọ funfun. Ọmọ ọlọ́mọ ń fa èéfín símú níbí. Òfin kọ́ o, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wá."

"Rédíò, rọra o."

"Irọ́ ni mo pa?"

Kì í ṣe òótọ́, kì í sì ṣe irọ́ pátápátá. Àkọ́bí Alága ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́, Jẹ́jẹ́ ló sì ń jí ṣọ́ ààrò lóòótọ́. Irọ́ tó bá ní òótọ́ díẹ̀ nínú ló ń dunni wọ egungun. Alága gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé.

Aránṣọ ló bá ní yàrá, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ obìnrin. Òun ló rán aṣọ ìyàwó. Ó na aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá òwú tó yẹ kó gé.

"Èjìká ẹ̀ ti tóbi jù," ni Alága wí.

"Mo fi àyè sílẹ̀ ni. Ọmọ náà ṣì ń dàgbà."

Aránṣọ kò gbójú sókè.

"Lèmọ́mù wá sílé mi," ló wí. "Èmi náà ò fẹ́ ọkùnrin yẹn fún un, o mọ̀. Ṣùgbọ́n ro ti àwọn tó kù. Gbogbo ọmọ tó ń wá sí kíláàsì wa, bí òfin bá kú lónìí, ta lá bi àwọn yẹn?"

"Ṣé ká fi ọ̀kan ra àwọn tó kù ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Aránṣọ fi eyín gé òwú tó rí, ó tu ú sọ́wọ́, ó sì ń wá òmíràn. Kò rí òmíràn. Ó ṣì ń wá a.

Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì àgbà, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, dé kété tí wọ́n kírun Àsárì tán, òun àti ọkọ ìyàwó àti àwọn ẹlẹ́rìí. Bàbá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Bí ẹ bá ń retí ọ̀dájú, òun kọ́. Ó béèrè bóyá Jẹ́jẹ́ ti jẹun. Ó pe Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, àgbà ti dé sí mi. Bí mo bá kú, ta ni màá fi ọmọ àbúrò mi sílẹ̀ fún? Ọkùnrin yìí ní ilé, ó ń kírun, kì í nawọ́ sí obìnrin."

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni."

"Ọmọdé ni ìyá èmi náà nígbà tó bí mi." Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Wọ́n ní o máa bi í. Bi í. Ṣùgbọ́n kó o rántí o: lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn ò lè fi obìnrin ṣe alága ohunkóhun, èmi ni mo dìde. Mo ní ìyàwó wa ni, ó gbọ́n, mo dúró fún un. Má jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Alága kúnlẹ̀, ó ní ó ti yé òun, ó sì wọlé lọ bi ọmọ.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá inú. Jẹ́jẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ ìyàwó, èjìká aṣọ náà yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ariwo àwọn obìnrin ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ariwo àwọn ọkùnrin ń wọlé láti pálọ̀. Alága jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Jẹ́jẹ́. Wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ pẹ̀lú ọkùnrin yìí. Èmi nìkan ló wà níbí. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Bó ṣe bi í tán ló gbọ́ nǹkan kan nínú ara rẹ̀ tó dẹ́rù bà á. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà dákẹ́. Òun, Alága, tó ti fi ọdún gbọọrọ pariwo pé kí wọ́n la ẹnu, ń fi gbogbo ọkàn bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ yìí dorí kodò bí àwọn tó ti lọ ṣáájú, kí òun lè jáde lọ sọ pé kò sọ nǹkan kan. Ojú tì í. Síbẹ̀ kò dá àdúrà náà dúró.

Jẹ́jẹ́ gbójú sókè.

"Mi ò fẹ́."

Ohùn náà kò gbọ̀n. Ó mọ́ ju bí Alága ṣe rò pé ohùn ọmọ náà lè mọ́ lọ.

"Mi ò fẹ́ ẹ, Ìyá. Mo fẹ́ dúró síbí. Màá máa ṣọ́ ààrò. Mi ò ní jẹ́ kí búrẹ́dì jóná mọ́."

Alága fà á mọ́ra. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. "O ṣé," ló wí sí i létí, "o ṣé tó o sọ ọ́." Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì jáde lọ sẹ́yìn ìkélé.

Aṣọ aláwọ̀ ewé ni ìkélé náà, wọ́n ta á sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, kò sì kanlẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, Alága ń rí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin lórí ẹní. Ó mọ ẹsẹ̀ Lèmọ́mù, ó mọ ti Bàbá Àgbà, tó wú díẹ̀. Ó mọ ti ọkọ rẹ̀, torí ìyẹ̀fun kì í kúrò láàárín ọmọ ìka rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò mọ̀, nínú ìbọ̀sẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ti wọlé wá dúró, Jẹ́jẹ́ wà láàárín wọn.

"Alága," ni Lèmọ́mù wí sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́. "Ṣé ẹ ti bi ọmọ wa?"

"Mo ti bi í."

"Ṣé ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn?"

"Ó dáhùn."

"Àlùhámúdù lílàhì. Kí ló sọ?"

Alága la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tí ọmọdé gbé ní ìrọ̀rùn. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó wo ti Bàbá Àgbà. Ó rántí Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kò jẹ́ parọ́, ìyẹn dá a lójú. Wọn kò lè gbọ́ "ó gbà" lẹ́nu òun láéláé. Bó ṣe ń rò ó lọ, ó wá dà bíi pé ọ̀nà kan là fún un. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ti sọ pé láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí yìgì. Bí òun bá dákẹ́, kò ní parọ́, kò ní já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ ní gbangba, òfin á sì bá òun ṣe èyí tó kù. Ta ni kò ní mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ Alága túmọ̀ sí? Gbogbo ayé mọ̀ pé òun kì í dákẹ́.

Ó pa ẹnu dé.

Ẹnì kan wúkọ́ ní pálọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tuntun náà gbera díẹ̀, ó tún padà bọ́ sílẹ̀. Nígbà náà ni àgbàlagbà kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí fi ẹ̀rín sọ ọ́:

"Ẹkún ayọ̀ ni Alága ń sun. Ẹ̀yin náà, ìdákẹ́jẹ́ obìnrin, ìyọ̀ǹda ṣáà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àlùhámúdù lílàhì!" gba gbogbo pálọ̀. Lèmọ́mù kò tíì wí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ìkélé. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan pe òun. Lẹ́yìn náà, òun náà ní Àlùhámúdù lílàhì. Ó mọ̀, ó kúkú mọ̀! Wọ́n so yìgì náà kí èèyàn tó lè fi bọ́tà pa búrẹ́dì tán.

Alága yíjú padà. Àwọn obìnrin ti ń dì mọ́ Jẹ́jẹ́, wọ́n ń kí i. Láàárín ọwọ́ wọn, ojú ọmọ náà wà lára Alága, kò sì kúrò níbẹ̀.

Wọn kò tíì tán. Lèmọ́mù tún gbé ẹ̀rọ. Ó ní lónìí ni mọ́ṣáláṣí àwọn kọ́kọ́ lo òfin tuntun, ó sì lọ bó ṣe yẹ, ní ìrọ̀rùn, láìsí ìjà. Ó ní kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn mọyì àwọn obìnrin, Alága ni yóò gba tọkọtaya níyànjú, tí yóò sì ṣe àdúrà ìparí. Kò sí obìnrin tó tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ọwọ́ kan ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà gba abẹ́ ìkélé wá fún un.

Ó gbà á. Ohùn tó kọ̀ láti jáde nígbà tí wọ́n ń wá a ló wá jáde wàyí, ó mọ́ gaara, ó sì dùn. Ó sọ̀rọ̀ nípa sùúrù. Ó ní kí ọkọ máa fi ìfẹ́ bá ìyàwó lò, kó má dí i lọ́wọ́ ìwé kíkà. Ó ṣàdúrà àlùbáríkà, àdúrà ẹ̀mí gígùn, gbogbo wọn sì ń ṣe Àmín, tọkùnrin tobìnrin. Nígbà tó parí, Bàbá Àgbà ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Mo sọ fún yín pé ó gbọ́n." Ọ̀kan nínú àwọn tó ti fẹ́ fagi lé òfin náà ní òun ti yí ọkàn òun padà. Ó ní òfin náà dára, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Wọ́n pín ìrẹsì. Oníbúrẹ́dì gbé àwo tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. "O ṣeun," ló wí fún un, ó sì mú ẹran tirẹ̀ lé ìrẹsì ìyàwó rẹ̀ lórí. Rédíò wá kúnlẹ̀ síwájú Alága, ó ní, "Ẹ forí jì mí, mo ti ṣì yín rò. Mo rò pé ẹ ò ní jẹ́ kó lọ." Alága ń wo ìrẹsì náà. Aránṣọ jókòó sí igun yàrá, kò jẹun.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mọ́tò oníṣòwò sìmẹ́ǹtì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àpótí Jẹ́jẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, àpótí náà fúyẹ́, ẹnì kan ló gbé e. Àwọn ọmọdé ń sáré yí mọ́tò náà po. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ kí Bàbá Àgbà, ó kúnlẹ̀ kí Oníbúrẹ́dì, ẹni tí omi lé sójú tó sì ń díbọ́n pé èéfín ni. Nígbà tó kan Alága, kò jẹ́ kó kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Jẹ́jẹ́. Bá mi sọ̀rọ̀. Bú mi, bó bá jẹ́ ìyẹn ló wù ọ́. Sọ nǹkan kan."

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ni kò ní kúrò lọ́kàn Alága mọ́.

"Mo ti sọ ọ́, Ìyá."

Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó wọ inú mọ́tò, ó sì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.